Ẹ Bi Ìyá Aláyẹ̀wò: Hóró kan nínú àpò

Nígbà tí mo mẹ́nu ba àgbàdo tó bu lóṣù tó kọjá, àti aflatoxin, oró tí ẹbí olú kan ń bì sínú àgbàdo àti ẹ̀pà, n kò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà ń jẹ yín lọ́kàn tó bẹ́ẹ̀. Lẹ́tà ń wọlé títí di àná. Ìyá tó bí mi, Bódìjà ló ti ta àgbàdo àti ẹ̀pà títí ó fi darúgbó. Èmi náà fi ọdún 26 yẹ oúnjẹ wò ní láàbù nílùú Ìbàdàn kí n tó fẹ̀yìn tì. Ọ̀rọ̀ àpò àti ọ̀rọ̀ láàbù, mo gbọ́ méjèèjì. Mo mú lẹ́tà márùn-ún nínú èyí tí ẹ kọ.

*Ẹ kú iṣẹ́ o, Mà. Mo ń ṣe ìyẹ̀fun ọmọdé tà, èyí tí wọ́n ń pè ní tọ́ọ̀mù bíráùn: àgbàdo, ọkà bàbà, sóyà àti ẹ̀pà. Nọ́ọ̀sì kan tó ń ra lọ́wọ́ mi ní kí n lọ yẹ̀ ẹ́ wò bóyá aflatoxin wà níbẹ̀. Mo máa ń ṣa ẹ̀pà mi dáadáa, n kì í jẹ́ kí èyí tó bu wọ inú rẹ̀. Ṣé ojú mi ò tó ni? — Ọlọ́jà kan, Òṣogbo*

Ìyá mi, nọ́ọ̀sì yẹn fẹ́ràn yín, ó sì fẹ́ràn àwọn ọmọ tó ń jẹ ìyẹ̀fun yín. Ẹ má dẹ́kun ẹ̀pà ṣíṣà o. Nínú gbogbo ohun tí a lè fi ọwọ́ lásán ṣe nílé, kò sí èyí tó ń dín oró kù tó bẹ́ẹ̀. Èyí tó hunjọ, èyí tó dúdú, èyí tí kòkòrò ti lu, èyí tí àwọ̀ rẹ̀ ti yí padà, ẹ kó wọn dànù. Mo ní dànù, kì í ṣe sọ́dọ̀ àwọn tó ń ṣe kúlíkúlí.

Ṣùgbọ́n bíbu ni ojú ń rí, ojú kò rí oró. Nǹkan kan wà nínú ilẹ̀ oko wa tó jẹ́ ẹbí olú, ó kéré ju ohun tí ojú lè rí lọ. Aspergillus flavus lorúkọ rẹ̀, ara orúkọ yẹn ni wọ́n sì ti fa aflatoxin yọ. Bí ọ̀dá bá mú ẹ̀pà tàbí àgbàdo, tí kòkòrò sì dá a lu, láti oko ni yóò ti wọ inú hóró. Ó lè kú níbẹ̀ lẹ́yìn tí a bá sá irè, kí àwọ̀ rẹ̀ pòórá, kí hóró náà sì máa dán létí atẹ. Oró tó ti bì sílẹ̀ kò bá a lọ.

Ọmọdé ni ọ̀rọ̀ yìí sì kàn jù. Àgbàlagbà ni oró yìí ń ba ẹ̀dọ̀ rẹ̀ jẹ́ díẹ̀díẹ̀ títí tí yóò fi di jẹjẹrẹ, pàápàá ẹni tí kòkòrò àrùn ẹ̀dọ̀ B ti wà lára rẹ̀. Ti ọmọ kì í pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Lọ́dún 2002, wọ́n gbé àbájáde àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọ 480 ní Benin àti Togo jáde, àwọn ọmọ oṣù mẹ́sàn-án sí ọdún márùn-ún. Nínú ọgọ́rùn-ún ọmọ, 99 ni wọ́n bá àmì aflatoxin nínú ẹ̀jẹ̀ wọn, àwọn tó kúrú tí wọn ò sì wúwo tó ọjọ́ orí wọn ni tiwọn sì pọ̀ jù. Benin àti Togo, ẹ̀gbẹ́ ilé wa nìyẹn. Àgbàdo kan náà là ń jẹ.

Ó dára, ẹ fẹ́ yẹ̀ ẹ́ wò. Ibi tí mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ gbọ́ nìyí, nítorí ibẹ̀ ni èèyàn púpọ̀ ti ń ná owó sí ìgbẹ́. Ìwọ̀n tí à ń lò ni ppb, ìyẹn ìdá kan nínú bílíọ̀nù kan. Amẹ́ríkà ní oúnjẹ kò gbọdọ̀ ju 20 lọ. Yúróòpù ní ẹ̀pà tó ti di jíjẹ kò gbọdọ̀ ju 4 lọ. Kí ni 20 yẹn? Ẹ mú àpò àgbàdo 500, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ kílò 100. Gíráàmù kan ṣoṣo nínú gbogbo rẹ̀ ni 20 ppb. Kì í sì í ṣe pé ó tàn kárí bí iyọ̀ ṣe ń tàn kárí ọbẹ̀. Nínú ẹgbẹ̀rún hóró, ó lè jẹ́ ọ̀kan ló gbé gbogbo rẹ̀. Wọ́n ti rí hóró ẹ̀pà kan ṣoṣo tí oró inú rẹ̀ lé ní 1,000,000 ppb. Bí irú hóró bẹ́ẹ̀ bá wọn ìdajì gíráàmù, tí ẹ sì lọ̀ ọ́ pọ̀ mọ́ ẹ̀pà kílò 25 tí kò ní àléébù kankan, gbogbo kílò 25 yẹn ti dé 20. Ẹnì kan ní ń ṣe é tí à ń bú igba wọn.

Nítorí náà, bí ẹ bá bu ẹ̀kúnwọ́ kan lórí àpò, tí ẹ gbé e lọ sí láàbù, láàbù yóò sọ òtítọ́ fún yín nípa ẹ̀kúnwọ́ yẹn. Kò sọ nǹkan kan nípa àpò.

Mo mọ ohun tí mo ń wí. Nígbà kan, Yúróòpù fi ẹ̀gúsí tó ń ti Nàìjíríà lọ sínú àwọn ẹrù tí wọ́n gbọ́dọ̀ yẹ ìdajì wọn wò fún aflatoxin bí wọ́n bá ti dé ẹnu ibodè. Bàbá kan tó ń kó ẹ̀gúsí ránṣẹ́ wá bá wa. Inú ṣọ́ọ̀bù tó kó wọn sí gbóná bí ààrò lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, wọ́n sì to àpò kan òrùlé. Èmi ni mo lọ bù ú. Mo bù láti orí àpò mẹ́fà tó sún mọ́ ẹnu ọ̀nà, mo nù òógùn, mo bọ́ síta. N kì í ṣe ọmọ ìkọ́ṣẹ́ mọ́ nígbà náà, mo mọ̀ pé ó yẹ kí n gun òkè kí n dé ẹ̀yìn. Àbájáde wa mọ́ tónítóní. Àwọn tó wà lọ́hùn-ún bù tiwọn, wọ́n bá oró, wọ́n dá ẹrù padà. Nígbà tí bàbá náà padà wá, kò pariwo. Ó gbé bébà tí mo fọwọ́ sí sórí tábìlì, ó ní, "Ọmọ mi, ẹ̀yin lẹ kọ èyí." Láti ọjọ́ yẹn, n kò tún bu ẹrù láìdé ẹ̀yìn mọ́.

Bí ẹ ṣe máa ṣe tiyín nìyí. Ẹ yẹ ẹ̀pà àti àgbàdo wò lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ kí ẹ tó pò wọ́n, kí ẹ lè mọ èyí tó lẹ́bi. Nínú àpò kọ̀ọ̀kan, ẹ bù lórí, láàárín, nísàlẹ̀ àti létí. Irin oníhò tí àwọn ọlọ́jà fi ń gún àpò dára fún un. Ẹ da gbogbo rẹ̀ pọ̀, kí ó tó kílò márùn-ún ó kéré tán. Ẹ má ṣe mú díẹ̀ nínú rẹ̀ lọ lọ̀, gbogbo rẹ̀ ni kí ẹ lọ̀ kí ó kúnná, nítorí ìyẹ̀fun ṣeé pò dọ́gba, hóró kò ṣeé pò dọ́gba. Ẹ dà á sórí ọ̀rá tó mọ́, ẹ kó o jọ bí òkìtì, ẹ tẹ orí rẹ̀ pẹrẹsẹ, ẹ fi ọ̀bẹ pín in sí mẹ́rin bí ẹni pín àmàlà ọlọ́mọ mẹ́rin. Ẹ mú ìpín méjì tó kọjú síra, ẹ gbé méjì yòókù kúrò. Ẹ tún pò ó, ẹ tún pín in. Bí ó bá ku bí i kọ́ọ̀pù kan, ìyẹn lẹ máa gbé lọ sí láàbù, nínú ọ̀rá gbígbẹ tí ẹ ti kọ ọjọ́ àti orúkọ ọjà tí ẹ ti rà á sí. Ẹ ní kí wọ́n fún yín ní iye, kì í ṣe "ó dára" tàbí "kò dára". Ẹ̀rọ tí wọ́n ń pè ní HPLC lè ka iye yẹn kódà bó kéré jọjọ.

*Ẹ kú iṣẹ́ o, Mà. Mo ń sin bròílà 300 nítòsí Ìwó. Wọn ò jẹun mọ́, wọn ò sanra, wọ́n sì ń kú lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo la ọ̀kan, ẹ̀dọ̀ rẹ̀ pupa rúsúrúsú, ó rọ̀. Mo ra pépà tẹ́ẹ̀sì tí wọ́n fi ń yẹ aflatoxin wò. Nígbà àkọ́kọ́ ìlà méjì jáde, ẹ̀rù bà mí, mo da àpò oúnjẹ yẹn nù. Àpò kejì, ìlà kan ló jáde, mo dúpẹ́, òun ni mo ń fún wọn jẹ. Wọ́n ṣì ń kú. Ẹni tó tà á fún mi ní wọ́n ti yẹ̀ ẹ́ wò nílé iṣẹ́. — Ọ̀sìn adìẹ kan*

Ọ̀gá mi, ẹ dìde, ẹ lọ kó oúnjẹ yẹn kúrò níwájú adìẹ kí ẹ tó ka ìyókù.

Òdìkejì lẹ kà á. Àpò tó ṣeé ṣe kó mọ́ lẹ dà nù, èyí tó ní oró lẹ ń fún wọn jẹ. N kò bá yín wí, nítorí púpọ̀ ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Tẹ́ẹ̀sì ibà tàbí ti oyún ti kọ́ wa pé bí ìlà bá di méjì, nǹkan wà níbẹ̀. Tẹ́ẹ̀sì oró kì í ṣe bẹ́ẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé rẹ̀. Nínú pépà yẹn, wọ́n kó àwọn nǹkan tín-ín-tín tó ní àwọ̀ sí ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀nà, iṣẹ́ wọn ni kí wọ́n di aflatoxin mú. Ẹ fojú wò wọ́n bí ọ̀kadà. Níbi ìlà tí wọ́n kọ T sí, wọ́n ti to aflatoxin díẹ̀ sílẹ̀ bí èrò tó dúró ní gáréèjì. Bí omi oúnjẹ tí ẹ kán sí i kò bá ní oró, gbogbo ọ̀kadà yóò dé gáréèjì ní òfìfo, wọn yóò gbé èrò ibẹ̀, àwọ̀ yóò pọ̀ sójú kan, ìlà T yóò hàn. Bí oró bá wà nínú omi yẹn, èrò ti kún ojú ọ̀nà nìyẹn. Ọ̀kadà ti gbé èrò tirẹ̀ kó tó dé gáréèjì, kò sì sí ẹni tí yóò dúró níbẹ̀ mọ́. Ìlà T kò ní hàn. Ìlà C ní tirẹ̀ gbọ́dọ̀ hàn nígbà gbogbo, òun ló ń sọ pé pépà náà ṣì dára. Ìlà méjì, oró inú rẹ̀ kò dé iye tí wọ́n kọ sára páálí. Ìlà C nìkan, ó ti dé e tàbí ó ti kọjá rẹ̀. Bí C kò bá jáde, ẹ sọ pépà nù, ẹ lo òmíràn.

Ẹ ka iye tó wà lára páálí náà. Ẹ sì ka ìṣẹ́jú tí wọ́n ní kí ẹ dúró. Bí ẹ bá jẹun lọ sùn kí ẹ tó padà wá wò ó, ohun tí ẹ máa rí lè yàtọ̀. Bí wọ́n bá ní kí ẹ fi ọtí kẹ́míkà po oúnjẹ náà, omi lásán kò lè rọ́pò rẹ̀, nítorí aflatoxin kò fẹ́ràn omi, kò ní jáde dáadáa.

Ní ti ẹni tó ta oúnjẹ fún yín, ó ṣeé ṣe kó máa sọ òtítọ́. Ẹ bi í léèrè pé: èwo ni wọ́n yẹ̀ wò, ṣé àgbàdo tó wọlé ni àbí oúnjẹ tó jáde? Àpò mélòó ni wọ́n bù? Lọ́jọ́ wo? Àgbàdo tó mọ́ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn lè bu nínú ṣọ́ọ̀bù tó ń jò lóṣù keje.

Adìẹ àti ẹbí rẹ̀ ló kọ́kọ́ sọ ọ̀rọ̀ oró yìí fún gbogbo ayé. Lọ́dún 1960, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tòlótòló tó lé ní 100,000 kú láàárín oṣù díẹ̀, kò sẹ́ni tó mọ ohun tó pa wọ́n, wọ́n sì pè é ní àrùn X. Nígbà tí wọ́n tọ ipasẹ̀ rẹ̀, inú oúnjẹ wọn ló wà, nínú ẹ̀pà lílọ̀ tí wọ́n kó wá láti Brazil. Láti ibẹ̀ ni wọ́n ti dá aflatoxin mọ̀.

Síbẹ̀, ẹ pe dókítà ẹran. Ẹ̀dọ̀ adìẹ lè pọ́n rúsúrúsú nítorí ọ̀rá àti nítorí àìsàn mìíràn, n kò sì lè wà níbí kí n sọ pé oró nìkan ni. Ẹ béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ nípa amọ̀ tí wọ́n ń pò mọ́ oúnjẹ kí ó lè di oró mú nínú ìfun ẹran. Ó ń ṣiṣẹ́ fún aflatoxin, kì í ṣe fún gbogbo oró, kò sì sọ oúnjẹ tó ti bàjẹ́ di rere.

*Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, Mà. Mo rí tọ́ọ̀ṣì kan rà tó ń tan ìmọ́lẹ̀ aláwọ̀ àlùkò, wọ́n ní bí mo bá tàn án sí àgbàdo, oró á máa tàn yanran. Ṣé òótọ́ ni? — Akẹ́kọ̀ọ́, Abẹ́òkúta*

Ọmọ mi, ìdajì rẹ̀ ni òótọ́. Aflatoxin fúnra rẹ̀ ń tàn lábẹ́ irú ìmọ́lẹ̀ yẹn. Orúkọ tí wọ́n pín fún wọn ti ibẹ̀ wá: àwọn tó ń tàn búlúù ni B, àwọn tó ń tàn bí ewé ni G. Ṣùgbọ́n inú láàbù, lẹ́yìn tí a bá ti yọ ọ́ kúrò lára oúnjẹ, ni a ti ń rí ìyẹn. Ohun tí o máa rí lára àgbàdo tí o fọ́, àwọ̀ ewé tó fà sí ìyeyè, nǹkan mìíràn tí olú yẹn ń ṣe ló ń tàn bẹ́ẹ̀. Ó ń sọ pé olú ti gba ibẹ̀ kọjá, kò sọ pé ó bì oró sílẹ̀, kò sì sọ iye rẹ̀. Bí àgbàdo bá pẹ́ nílé, títàn yẹn á rẹ̀ dànù, oró á sì wà níbẹ̀. Ìyẹ̀fun ọṣẹ ìfọṣọ náà ń tàn. Lò ó láti fi yan àpò tí o máa kọ́kọ́ gbé lọ sí láàbù. Má ṣe lò ó láti dá àpò kankan láre.

*Ẹ jọ̀ọ́ Mà, bí mo bá se é dáadáa tàbí tí mo yan án, ṣé oró ò ní kú? — Mushin*

Kò ní kú, nítorí kì í ṣe ohun alààyè. Ooru omi híhó kò kọjá 100 lórí ìwọ̀n Celsius. Aflatoxin ń fẹ́ ju 200 lọ dáadáa kó tó fọ́. Yíyan ń dín in kù díẹ̀. Rírẹ, sísẹ́ àti dída èérí ògì nù náà ń dín in kù. Kò sí èyí tó ń sọ àgbàdo búburú di jíjẹ. Ní Kenya lọ́dún 2004, àgbàdo tí wọ́n kó pamọ́ nígbà tí kò tíì gbẹ ni wọ́n rò lórí iná, wọ́n rò ó jinná. Àwọn 317 ló ṣàìsàn, 125 nínú wọn kú.

*Mo kí yín o. Àgbẹ̀ ni mí ní Ìgbòho. N kò ní owó ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń mọ omi inú àgbàdo. Eyín ni mo fi ń gé e, bó bá ró kàù, mo gbà pé ó ti gbẹ. Kí ni mo tún lè ṣe láti oko? — Bàbá àgbẹ̀*

Bàbá, ìyá mi náà ń fi eyín gé e. Eyín kò mọ ìyàtọ̀ láàárín omi 15 àti 18 nínú ọgọ́rùn-ún, olú sì mọ̀ ọ́n.

Ẹ wá ìgò tó gbẹ, tó ní ìdérí, àti iyọ̀. Ẹ sá iyọ̀ náà sóòrùn kí ó gbẹ tán. Ẹ da àgbàdo sínú ìgò kí ó dé ìdá kan nínú mẹ́ta rẹ̀, ẹ fi ṣíbí iyọ̀ kan tàbí méjì lé e, ẹ dé e, ẹ mì ín jìgìjìgì fún ìṣẹ́jú kan. Ẹ gbé e kalẹ̀ fún bí ìṣẹ́jú 15. Bí iyọ̀ bá lẹ̀ mọ́ ara ìgò bí ìrì, omi inú àgbàdo yín ṣì ju 15 nínú ọgọ́rùn-ún lọ, ẹ má dì í o. Bí iyọ̀ bá ṣàn wálẹ̀ tí ara ìgò mọ́, ó ti wá sísàlẹ̀ 15. Ìyẹn ò tíì tó fún èyí tí ẹ fẹ́ fi pamọ́ di oṣù mẹ́fà. 13 là ń wá, ẹ tún fún un ní oòrùn ọjọ́ kan tàbí méjì sí i, lórí tapólì, kì í ṣe lórí ilẹ̀ẹ́lẹ̀. Ẹ sì bu àgbàdo tí ẹ máa fi sínú ìgò láti ojú ibi púpọ̀. Ẹ mọ ìdí rẹ̀ báyìí.

Láti oko, ohun kan wà tí àwọn onímọ̀ IITA, ilé ìwádìí iṣẹ́ ọ̀gbìn tó wà ní Ìbàdàn, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní Amẹ́ríkà jọ ṣe, Aflasafe lorúkọ rẹ̀. Ọdún 2014 ni wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ní Nàìjíríà. Nínú ilẹ̀ wa níbí, wọ́n wá àwọn Aspergillus flavus tí kò lè ṣe oró rárá, wọ́n fi wọ́n bo ọkà bàbà tí kò lè hù mọ́, wọ́n pa á láró búlúù kí ẹnikẹ́ni má baà jẹ ẹ́. Ẹ fọ́n ọn sílẹ̀ nígbà tí ilẹ̀ tutù, ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta kí àgbàdo tó yọ òdòdó, kílò 10 fún hẹ́kítà kan, ìyẹn bíi kílò mẹ́rin fún éékà kan. Àwọn aláìlóró yóò gba àyè, olóró kò ní ríbi jókòó. Ó lè gé aflatoxin kù ní 80 nínú ọgọ́rùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ti aflatoxin nìkan ni o. Àgbàdo tó hu òwú aláwọ̀ òsùn, olú mìíràn ni, Fusarium. Oró tirẹ̀, fumonisin, pépà aflatoxin kò rí i, Aflasafe kì í sì í lé e. Ẹ ya irú ṣírí bẹ́ẹ̀ sọ́tọ̀ lójú oko, kí ẹ tó kó wọlé.

Ẹ kọ̀wé padà sí mi lẹ́yìn ìkórè, Bàbá, kí ẹ sọ ohun tí iyọ̀ inú ìgò wí.